Ẹ̀sùn lórí oògùn ibà tí ẹ tà fún mi láìsọ orúkọ rẹ̀

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-Iṣẹ́ Ìtajà Oògùn,
Ìbàdàn.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ra oògùn lọ́dọ̀ yín, n kò sì kọ irú ìwé yìí sí yín rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, ibà ń ṣe mí, mo bá ya ṣọ́ọ̀bù yín tó wà ládùúgbò wa. Ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà ka hóró oògùn mẹ́wàá sínú àpò ìwé kékeré, ó kọ "4, 2, 2, 2" sí i lára, ó gbowó. Mo bi í pé oògùn wo nìyí. Ó ní, "Ẹ lò ó, mọ́mì, oògùn ibà tó múná ni." Kò bi mí ní ohunkóhun.

Mo lo mẹ́rin, mo lo méjì nírọ̀lẹ́. Lóru, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Aránṣọ ni mí, mo mọ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń gún ni. Àfi bíi pé abẹ́rẹ́ ń ti abẹ́ awọ mi gún jáde. Ẹ wo ara mi, ẹ ò ní rí kókó, ẹ ò ní rí èélá. Mo fi ìyarun họ àtẹ́lẹsẹ̀ títí ó fi bó. Orí sìmẹ́ńtì tútù inú balùwẹ̀ ni mo dúró sí títí ilẹ̀ fi mọ́. Odidi ọjọ́ méjì ni n kò lè di àlùmọ́gàjí mú, aṣọ ẹbí oníbàárà sì wà nílẹ̀.

Nígbà tí mo gbé àpò náà padà wá ní Ọjọ́bọ̀, apòògùn yín fúnra rẹ̀ ló sọ pé kúlórókúìnì ni, àti pé ó máa ń yún ọ̀pọ̀ nínú àwa aláwọ̀ dúdú. Ó fún mi ní Piriton, oògùn ara yíyún. Oorun nìyẹn gbé wá, ara ṣì ń yún mi.

Ọmọ kékeré ni mí tí ìyá mi ti mọ̀ pé kúlórókúìnì kì í bá mi lára mu. Bí ẹ bá bi mí ni, ǹ bá ti sọ. Láti ọdún 2005 ni ìjọba Nàìjíríà sì ti ní kí a má fi tọ́jú ibà mọ́, torí pé kòkòrò ibà kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Àwọn oògùn alápapọ̀ tó ní artemisinin ló gbapò rẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ìyà tí mo jẹ, kò tilẹ̀ dájú pé kúlórókúìnì náà lè wo ibà náà. Artemether-lumefantrine, ọ̀kan nínú wọn, ni mo padà rà níbòmíì kí ara mi tó yá.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ti ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bá fún ní irú oògùn yìí, tí kò lè sọ pé ara ń yún òun. Ẹkún ni yóò máa sun, wọn a ní eyín ló fẹ́ hù.

Ẹ dá owó kúlórókúìnì àti Piriton padà fún mi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka oògùn sínú àpò ìwé láìkọ orúkọ rẹ̀ mọ́, kí wọ́n sì kọ́kọ́ máa bi oníbàárà pé, "Oògùn wo ni kì í bá yín lára mu?" Mo ti fi ọ̀rọ̀ náà tó NAFDAC létí. Àpò ìwé náà àti hóró mẹ́rin tó kù wà lọ́wọ́ mi. Mo ń retí èsì yín ní kíkọ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé.

Èmi ni,
Oníbàárà yín, aránṣọ n'Íbàdàn.