Ẹ Jẹ́ Ká Máa Wo Káléńdà Iléèwé Ká Tó Dá Ọjọ́ Ìnáwó

Sí Olótùú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú làálàá. Nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀ nípa àwọn òbí tó ń yọ ọmọ wọn kúrò níléèwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí sáà ẹ̀kọ́ tó parí, tí wọ́n kó wọn wọ bàálù wá sí Nàìjíríà, àwọn kan á ní ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti le jù, àwọn mìíràn á ní òbí náà ni kò mọ ohun tó ń ṣe. Ọ́fíìsì iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ohun tí mo sì ń rí níbẹ̀ ni pé ẹnìkẹta wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí a kì í dárúkọ. Ẹbí tó wà nílé ni, tó jókòó dá ọjọ́ ìnáwó láìbéèrè ìgbà tí àwọn ọmọ máa gba ọlidé.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ bí òfin náà ṣe rí, torí ọ̀pọ̀ ẹni tó wà nílé ló rò pé àwáwí ni a ń fi í ṣe. Kí oṣù kẹsàn-án ọdún 2013 tó dé, ọ̀gá iléèwé lè yọ̀ǹda ọmọ fún ìrìn-àjò ẹbí títí dé ọjọ́ mẹ́wàá lọ́dún. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti gba àṣẹ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, àfi bí ọ̀ràn náà bá ṣàrà ọ̀tọ̀ pátápátá. Bàbá kan ní Isle of Wight, Jon Platt, mú ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sí Florida lọ́dún 2015, ọmọ náà pa ọjọ́ iléèwé méje jẹ, bàbá sì kọ̀ láti san owó ìtanràn. Ó borí ní kóòtù májísíréètì, ó tún borí ní Ilé Ẹjọ́ Gíga, àmọ́ nígbà tí ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, gbogbo àwọn adájọ́ náà fẹnu kò ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin ọdún 2017 pé ìlànà tí iléèwé bá là sílẹ̀ ni a ó fi wọn wíwá ọmọ, bó ti wù kí ó máa wá dáadáa tó láwọn ọjọ́ yòókù. Mo káàánú ọkùnrin náà díẹ̀, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sí òbí tó tún lè fi ìyẹn jiyàn.

Ní ti owó, láti oṣù kẹjọ ọdún 2024, £80 ni òbí kọ̀ọ̀kan ń san lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan bí ó bá tètè san án láàárín ọjọ́ 21. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó di £160. Ẹ̀ẹ̀mejì là ń pe orúkọ lójúmọ́, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, ọmọ tó bá sì pa ìpè mẹ́wàá jẹ láìgbàyè láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ìyẹn ọjọ́ márùn-ún péré, ti kó òbí rẹ̀ sínú rẹ̀. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì láàárín ọdún mẹ́ta, £160 ni lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, kóòtù ló sábà máa ń já sí, ìtanràn ibẹ̀ sì lè tó £2,500. Tọkọtaya ọlọ́mọ méjì á wá ṣírò rẹ̀: £320 la máa san, bẹ́ẹ̀ sì ni owó tíkẹ́ẹ̀tì tí a máa fi kún un bí a bá dúró di ọjọ́ tí iléèwé tì nínú oṣù Kejìlá ju ìyẹn lọ fíìfíì. N kò lè sọ pé ìṣirò náà kò pé.

Ohun tí kò sí nínú ìṣirò yẹn ni irọ́. Kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù ni fóònù ọ́fíìsì wa máa ń dún, tí ìyá á ní inú ń run ọmọ òun, kò ní lè wá. Bí mo bá pè é padà lọ́sàn-án láti béèrè bí ara ọmọ ti rí, dídún fóònù náà á ti yàtọ̀ sí ti ibí, bó bá sì gbé e, màá máa gbọ́ jẹnẹrétọ̀ àti àkùkọ lẹ́yìn rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ á dé pẹ̀lú irun ṣùkú tuntun àti láàlì lọ́wọ́, olùkọ́ kò sì ní tíì béèrè ohunkóhun tó máa fi ròyìn pé wọ́n pa màlúù fún màmá àgbà, pé òun jó, pé wọ́n lẹ owó mọ́ òun níwájú orí. Lẹ́tà tó dúró fún àìsàn la ti kọ síwájú orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà. A ó pa á rẹ́, a ó kọ èyí tó dúró fún ìrìn-àjò tí a kò fàyè gbà. Ọmọ ọdún mẹ́fà náà kò mọ̀ pé òun ti tú àṣírí ìyá òun. Nígbà mìíràn, ó mọ̀, torí wọ́n ti kìlọ̀ fún un nílé pé kó sọ pé inú ló ń run òun, èyí ló sì máa ń dùn mí jù.

Ibo ni irọ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀? Bí àgbàlagbà bá kú tí wọ́n gbé òkú sí mọ́ṣúárì, ẹbí á pe ìpàdé. Wọ́n á wo ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì gbà, ọjọ́ tí họ́ọ̀lù ṣófo, ọjọ́ tí onílù tí wọ́n fẹ́ kò sí lóde mìíràn, àti ìgbà tí aṣọ ẹbí máa délẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá parí ni ìkéde á tó bọ́ sórí WhatsApp: ọjọ́ Jímọ̀ kejì nínú oṣù Kìn-ín-ní, ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ máa múra. Iléèwé ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lọ́sẹ̀ yẹn ni. Ta ló fẹ́ kí wọ́n máa ka òun sí ọmọ tí kò wá sin ìyá rẹ̀, tàbí tí kò jẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ jó lẹ́yìn pósí?

Òkú Mùsùlùmí kò sí nínú ọ̀rọ̀ mi o, torí ìyẹn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo ti rí i tí ọ̀gá iléèwé yọ̀ǹda ọmọ fún ọjọ́ mélòó kan nítorí irú ìsìnkú bẹ́ẹ̀, láìsí wàhálà. Ọdún Iléyá náà kò sí níbẹ̀. Lọ́dún 2025, ìsinmi àárín sáà parí ní ọgbọ̀nọjọ́ oṣù karùn-ún, Iléyá bọ́ sí ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà, Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde sì wáyé ní ọjọ́ kẹjọ oṣù náà, ìyẹn ọjọ́ kẹta Iléyá gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Òfin Gẹ̀ẹ́sì fàyè gba ọmọ láti jókòó sílé lọ́jọ́ ọdún ẹ̀sìn àwọn òbí rẹ̀, kò fàyè gba ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n máa fi wá jókòó sí Ìjẹ̀bú. Ó dun ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n òṣùpá ló dá ọjọ́ yẹn, kò sì sí ẹbí tó lè bá òṣùpá dúnàá dúrà. Òkú tó wà ní mọ́ṣúárì, ìgbéyàwó, ìṣílé àti ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún, àwa fúnra wa la ń mú ọjọ́ wọn.

Oṣù kẹjọ ló sàn jù lójú tèmi. Iléèwé Gẹ̀ẹ́sì máa ń tì lápá ìparí oṣù keje títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, àwọn ọmọ Nàìjíríà náà wà ní ọlidé gígùn nígbà náà, àwọn ìbátan á sì ráyè mọ ara wọn kọjá ọjọ́ kan tí wọ́n jọ wọ aṣọ kan náà. Ẹni tó ń bẹ̀rù òjò yóò rántí pé òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá nínú oṣù náà. Lóòótọ́, tíkẹ́ẹ̀tì kì í dínwó nígbà náà. Ọ̀sẹ̀ méjì Àjíǹde náà wà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ kan tó máa ń bọ́ sí ìparí oṣù kẹwàá, tó tó sin òkú bí kò bá tilẹ̀ tó ṣe fàájì. Bí ẹnìkan bá sì ní ta ni àwọn ará òkè òkun tí wọ́n fi máa bá àwọn dá ọjọ́, kí ó wo ibi tí owó màlúù àti ti onílù ti wá.

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi náà, ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá iléèwé ṣáájú kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sọ òótọ́ ohun tó ń gbé yín lọ. Bí ó bá kọ̀, kí ọ̀kan nínú yín lọ, kí èkejì dúró ti àwọn ọmọ.

Ẹ̀yin ẹbí nílé, ó kéré tán ọdún kan ṣáájú ni ìjọba ìbílẹ̀ níbí máa ń gbé ọjọ́ ìsinmi iléèwé jáde. Kí ẹ tó fún oníhọ́ọ̀lù ní owó àsansílẹ̀, ẹ ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yín fi ránṣẹ́ sí yín.

Èmi ni tiyín,
Òṣìṣẹ́ iléèwé,
Peckham, Lọ́ńdọ̀nù.