Máàpù Wa Ni Wọ́n Ń Tà Fún Wa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́rú tó kọjá ni mo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan nígbà kẹta nítorí pulọ́ọ̀tì méjì tí mo fẹ́ rà, kí n lè kó iṣẹ́ búrẹ́dì mi kúrò nínú ilé onílé. Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà, àbí kò tíì gbẹ́sẹ̀ lé e? Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní ọ̀gá tó mú kọ́kọ́rọ́ kò sí nítòsí. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní kò sí iná. Lọ́jọ́rú yìí, akọ̀wé kan fa máàpù ilẹ̀ tí ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé yọ lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, bébà tó ti ya létí tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀. Ó fìka wá a díẹ̀, ó tún ká a padà wéré, bí ẹni pé mo fẹ́ jí i gbé. Ó ní kí n wá nǹkan ṣe. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, mo ti san owó charting, ìyẹn owó fífi ìwé sọ́fè wé máàpù ìjọba, fún sọ̀féyọ̀ ṣáájú!

Owó orí wa ni wọ́n fi ya máàpù yẹn. Òun náà ni wọ́n tún ń tà fún wa lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù.

Ìyá kan ládùúgbò wa tó ń ta aṣọ òkè kọ́lé dé líńtẹ́ẹ̀lì lórí ilẹ̀ tí ọmọ onílẹ̀ já rìsíìtì fún un lé lórí. Ọjọ́ kan ló débẹ̀ tó bá ọ̀dà pupa tí ìjọba fi sàmì sára ògiri. Ọdún kẹrin rèé, koríko ti bo búlọ́ọ̀kù. Bíríkìlà tí kò ríṣẹ́ parí ń kọ́, káfíńtà tí kò dé òrùlé rárá, oníyanrìn tí ì bá tún já tírélà méjì sí i, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ká ní ó rí máàpù yẹn wò lórí fóònù kó tó kówó lélẹ̀ ńkọ́?

Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àkọsílẹ̀ iye tí wọ́n ta ilé ní England àti Wales láti 1995 wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ sì ni. Àwọn iléeṣẹ́ ń fi ṣòwò, wọ́n ń fi gba èèyàn síṣẹ́. Tiwa, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe kò le. Kí wọ́n gbé máàpù gbogbo ilẹ̀ tí ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú nọ́ńbà igun kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ìwé sọ́fè, kéèyàn lè tẹ tiẹ̀ sí i kó sì rí èsì. Kí àwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ pàtó yàtọ̀ sí ti èyí tí wọ́n ti dá padà fún onílẹ̀. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ńlá, kí wọ́n gbé e kọ́ sí ààfin baálẹ̀ àti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, nítorí àwọn bàbá wa tí kò lo fóònù. Bí gómìnà bá sì dá ilẹ̀ padà lónìí, kó hàn níbẹ̀ kí oṣù tó parí. Wọ́n á ní owó tó ń wọlé fún ìjọba á dínkù. Irọ́ ni! Ẹni tó bá rílẹ̀ rà láìfòyà ló ń sáré wá gba C of O, ìwé àṣẹ ìní ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, owó ìyẹn sì ju ti charting lọ fíìfíì.



Òfin Òmìnira Ìròyìn (FOI) ti 2011 tó fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè irú nǹkan báyìí fún wọn ní ọjọ́ 7 láti dáhùn. Ilé Ẹjọ́ tó ga jùlọ sì sọ ọ́ ní oṣù kẹrin 2025 pé ó de ìjọba ìpínlẹ̀ náà. Mo kọ lẹ́tà, mo mú un lé wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́rú yẹn. Akọ̀wé wò mí, ó ní ṣé lọ́yà ni mí ni.

Onílẹ̀ ti ní bí òun kò bá rí mi di ọjọ́ Àìkú, òun á tà á fún ẹlòmíràn. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni ọjọ́ 7 tiwọn máa pé.

Èmi ni tiyín,
Ìyá oníbúrẹ́dì, Ìbàdàn