Ìgbálẹ̀ tí à ń jẹ

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́. Gbogbo ìpanu tí ẹ ń kọ sójú ìwé oúnjẹ yín ló ń fẹ́ epo gbígbóná. Àwa tí à ń tọ́mọ ní Houston níbí ńkọ́, tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tibi iṣẹ́ dé, tébi sì ti ń pa àwọn ìbejì?

Tèmi ò fẹ́ iná rárá. Mo máa ń gé wàràkàṣì gbọọrọ, èyí tó ṣeé fà ya bí òwú, sí mẹ́ta. Màá ya ìdí rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ dé ìdajì, màá wá rọra ki pretzel tín-ín-rín, ìpanu oníyẹ̀fun gbígbẹ tó rí bí igi, bọ orí rẹ̀ (a máa ṣẹ́ o!). Ó di ìgbálẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni kí wọ́n jẹ ẹ́, torí omi ara wàràkàṣì á mú pretzel rọ̀ pẹ̀tẹ̀. Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 4, kó má baà há a lọ́fun.

Ìyá mi tó wá kí wa láti Ìjẹ̀bú-Òde wò ó títí. Wọ́n ní, "Ta ló ń ki igi bọ ìgbálẹ̀?" Wọ́n jẹ márùn-ún.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì,
Houston, Texas