Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Àmàlà ni mò ń tà ní Kubwa, l'Abuja níbí. Ọ̀rọ̀ eré ìdárayá kọ́ ni iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì, ohun tí ojú mi sì rí kò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Ẹgbẹ́ kékeré kan ládùúgbò wa ló ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí eré tí wọn kì í fi í sí. Ni ẹnìkan bá ní bí a bá fẹ́ kí yunifásítì Amẹ́ríkà mú un, àfi kó lọ sí ẹgbẹ́ ńlá kan nígboro, àwọn tí jẹ́sì wọn ń dán. Mo kó owó àjọ mi, mo san án. Lọ́jọ́ tí mo ti ìsọ̀ pa lọ wòran wọn, mo ń fi fóònù ka àkókò. Ogójì ìṣẹ́jú ni eré náà. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni wọ́n fi ọmọ mi sí i. Ìyókù, orí bẹ́ǹṣì ló wà, ó fi táwẹ̀lì bo orúnkún, ó ń pàtẹ́wọ́ fáwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyá kan tó jókòó tì mí rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ ò tíì rí kóòṣì ni?" Rírí tó ń wí kì í ṣe ti ojú o.

Mi ò rí i. Kì í kúkú ṣe pé mo mọ́ ju àwọn yòókù lọ. Owó ti tán lọ́wọ́ mi ni.

Nígbà tí a wá kọ̀wé sí kóòṣì yunifásítì kan lọ́hùn-ún, èsì rẹ̀ kò gùn: ká fi fídíò odindi eré kan ránṣẹ́, kì í ṣe ibi tó ti ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n nìkan. Ó fẹ́ mọ bí ọmọ ṣe ń ṣe bí wọ́n bá gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀, àti bó ṣe ń sáré nígbà tó bá ti rẹ̀ ẹ́. Ta ló ń rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin?

Ọ̀nà náà sì ti fún sí i. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2018 ni NCAA, àjọ tó ń darí eré àwọn yunifásítì wọn, ti ní ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ pààrọ̀ ilé ìwé ń forúkọ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kóòṣì tó ń wá ọmọ gíga lè lọ síbẹ̀ mú ẹni tó ti gbá a fún ọdún méjì ní yunifásítì mìíràn. Àwọn géńdé yẹn ni ọmọ tiwa ń bá du àyè.

Àwọn bàbá tó ń jẹun ní ìsọ̀ mi a máa ní, "Hakeem Olajuwon náà jókòó." Òótọ́ ni. Nígbà tí ọmọ Nàìjíríà tó di gbajúmọ̀ agbábásíkẹ́ẹ̀tì yìí dé yunifásítì Houston, l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 1980, kò gbá eré kankan ní sáà àkọ́kọ́. Nígbà tó di 1984, tí àwọn ẹgbẹ́ NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì ńlá Amẹ́ríkà, ń yan àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mú, ẹgbẹ́ Houston Rockets ló sì mú un. Michael Jordan gan-an tí gbogbo ayé mọ̀, ẹni kẹta ni wọ́n mú un lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbà á wọlé kó tó jókòó, ó sì ti gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà kó tó wọkọ̀ òfuurufú. Ìjókòó tiwa, ẹnu ọ̀nà ni.

Ẹ bá mi sọ fáwọn òbí: kí wọ́n tó san kọ́bọ̀, kí wọ́n béèrè iye ìṣẹ́jú tí ọmọ wọn yóò máa gbá.

Mo ti dá tèmi padà sí ẹgbẹ́ àdúgbò. Sátidé tó kọjá, àbúrò rẹ̀ so fóònù mọ́ ẹ̀yìn àga rọ́bà, ó fi ká eré náà sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, pẹ̀lú ariwo jẹnẹrétọ̀ alágbàlá kejì. Ìṣẹ́jú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ ọmọ mi lẹ́ẹ̀mejì, ó sì sáré tẹ̀lé ẹni tó gbà á dé abẹ́ àwọ̀n. A ò gé ìyẹn kúrò. A ti fi ránṣẹ́.

Èmi ni tiyín,
Ìyá alámàlà, Kubwa, Abuja