Lẹ́tà sí Àdùnní lórí ojú àbúrò rẹ̀ tí ó wọ́

Àdùnní ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo sì kí ọ kú ìdààmú ọkàn lórí àbúrò rẹ tí ó ṣubú lórí ọ̀kadà. O béèrè ìdí tí dókítà fi ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ etí nígbà tí ó jẹ́ pé ojú ni ó wọ́. Inú egungun etí ni iṣan (nerve) tí ọpọlọ fi ń darí gbogbo ojú, láti iwájú orí dé ètè, ń gbà kọjá. Láti inú ọpọlọ, ó wọ ihò tóóró kan tí kò fẹ̀ tó mílímítà kan níbi tí ó ti fún jù, ó gba ẹ̀gbẹ́ àwọn egungun kéékèèké tí a fi ń gbọ́ràn kọjá, kí ó tó yọ sí ìpéǹpéjú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ètè. Bí egungun yẹn bá sán, tí iṣan náà sì wú, ihò náà á fún un pa bí òrùka ṣe ń fún ìka tí ó wú. Nígbà mìíràn, èrún egungun ni yóò gún un tàbí kí ó gé e.

Nígbà tí o bá pe ilé láti Manchester, ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ béèrè ni ìgbà tí ojú náà wọ́ gan-an. Bí ó bá ṣì ń rẹ́rìn-ín dáadáa ní ọjọ́ tí ó ṣubú, tí ẹnu wá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́ lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé iṣan náà kò já, oògùn tí ń mú wíwú rọlẹ̀, bíi prednisolone, pẹ̀lú sùúrù ni ó sì sábà máa ń tó. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọ́ lójú ẹsẹ̀, tí iwájú orí kò ká, tí ètè kò mira, ẹ má fi àkókò ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya CT scan, ìyẹn àwòrán inú ara, fún egungun etí, kí wọ́n sì fi iná mànàmáná díẹ̀ dán iṣan náà wò, kí wọ́n fi wé ti ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí agbára tí iṣan náà ti pàdánù bá ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ti ẹ̀gbẹ́ kejì lọ láàárín ọjọ́ 14 àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ ni yóò fẹ́ ṣí ihò egungun náà kí wọ́n lè tú iṣan náà sílẹ̀.

Láyé àtijọ́, wọ́n ní láti la ẹ̀yìn etí kí wọ́n sì gbẹ́ egungun, tàbí kí wọ́n ṣí agbárí lókè etí, kí wọ́n rọra gbé ọpọlọ sókè, kí ọwọ́ tó tó ibi tí iṣan náà ti ṣẹ́ kọ́ọ̀nà, níbi tí ó ti sábà máa ń fara pa. Ọ̀nà tuntun, tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Modena ní Ítálì wà lára àwọn tí ó tan án kálẹ̀, gba inú ihò etí fúnra rẹ̀. Wọ́n á ká awọ ìlù etí sókè, wọ́n á ti ọ̀pá tín-ín-rín tí ó nípọn tó mílímítà 3 wọlé, tòun ti kámẹ́rà àti iná, wọ́n á sì máa wo iṣẹ́ náà lójú tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n lè ní láti yọ ọ̀kan nínú egungun ìgbọ́ràn kí wọ́n tó débẹ̀, kí wọ́n sì tún ọ̀nà ìgbọ́ràn ṣe lẹ́yìn náà. Ọ̀nà náà wù mí gan-an, nítorí kò sí ojú ọgbẹ́ níta. Síbẹ̀, ọwọ́ kan ṣoṣo ni dókítà fi ń ṣiṣẹ́ nígbà tí èkejì di kámẹ́rà mú, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì tó láti bo ojú rẹ̀. Bí ibi tí iṣan ti fara pa bá wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn etí, ọ̀nà yìí kì í sábà tó o. Ẹ bi dókítà náà léèrè bóyá ó ti ń ṣe é déédéé.

Kí èyíkéyìí tó ṣẹlẹ̀, ẹ dákun, ẹ tọ́jú ẹyinjú rẹ̀. Bí ó bá ń sùn, ìpéǹpéjú ẹ̀gbẹ́ yẹn kò ní pa dé, ẹ ó máa rí funfun ojú, ẹyinjú á gbẹ, ó sì lè dọ́gbẹ́. Kí wọ́n máa kán oògùn sí i lọ́sàn-án, kí wọ́n fi oògùn ìpara ti ojú sí i lálẹ́, kí wọ́n sì fi pílásítà lẹ ìpéǹpéjú náà pa.

Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ẹ má retí pé ojú á tọ́ lọ́jọ́ kejì. Iṣan tí ó bá ń hù padà kì í ju nǹkan bíi mílímítà kan lójúmọ́, nítorí náà oṣù ni a ń kà.

Fi àwòrán CT náà ránṣẹ́ sí mi ní kété tí ó bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Fọlákẹ́