Oyin tó o fẹ́ fi pọn ọtí

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Súnkànmí ọ̀rẹ́ mi,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé òtútù Winnipeg ò tíì gé ọ létí jẹ? Ilé dáa, wọ́n ti tún òrùlé iwájú ṣe, Ṣọlá ti bí obìnrin. Ó tán.

Ọ̀rọ̀ oyin wá kù. O ní èyí tó bá dùn jù lo máa rà. Má dán an wò! Adùn yẹn gan-an ni yíìsì máa jẹ tán, ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀ lo máa mu. Bu ṣíbí kan sínú ife omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, gbóòórùn rẹ̀ kó o tó tọ́ ọ wò. Bí kò bá ta sánsán nínú ife, kò lè ta sánsán nínú ìgò.

Oyin clover (ti òdòdó pápá kan) tó wà lọ́dọ̀ yín mọ́, kò sì le. Òun ló dáa bó o bá máa fi èso sí i. Oyin dúdú ti buckwheat (irúgbìn oníhóró kan), ẹnu rẹ̀ le. Má jẹ́ kó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọtí rẹ á máa rùn bíi gáà màlúù. Èyí tó bá ti dì kò bàjẹ́ o. Gbé ike rẹ̀ sínú omi gbígbóná díẹ̀, á yọ́. Má sè é, iná ló ń lé òórùn dídùn rẹ̀ lọ.

Oyin tìhín ló ṣòroó rà. Èyí tí wọ́n fi ògùṣọ̀ lé kòkòrò rẹ̀ ń gbé èéfín wá, èéfín ò sì í kúrò nínú ọtí. Ní Bódìjà, wọ́n á ṣáná fún ọ pé ojúlówó ni. Ìṣáná ò mọ nǹkan kan! Gbé e sórí ìwọ̀n: oyin 75cl gbọ́dọ̀ lé díẹ̀ ní kìlò kan, yàtọ̀ sí ìgò. Bó bá fúyẹ́, wọ́n ti bomi là á. Ẹni tó se ṣúgà ní tiẹ̀ lè yege lórí ìwọ̀n, imú rẹ ló máa mú un.

Oyin kìlò kan ààbọ̀, kó o bomi sí i títí gbogbo rẹ̀ á fi pé lítà 5. Bí yíìsì bá jẹ ẹ́ tán, ọtí á tó bíi 13%. Oyin ò ní oúnjẹ tó fún yíìsì, bí ebi bá sì ń pa á, òórùn ẹyin bíbàjẹ́ ló máa tú jáde. Pín oúnjẹ yíìsì sí mẹ́ta fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Fi omi pò ó kó o tó dà á sí i. Bó o bá da lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sínú ọtí tó ń hó, ilẹ̀ ni wàá ti nù ún.

December yẹn ńkọ́, ṣé ó ṣì dúró? Màmá ń bèèrè, mo sì ti ní o ń bọ̀. Má sọ mí dòpùrọ́ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ti ń wo adìyẹ kan lójú báyìí. Bí owó ọkọ̀ bá ni ìṣòro, sọ fún mi, má kàn dákẹ́ bíi tèṣí.

Bó o bá ń bọ̀, jọ̀ọ́ bá mi ra yíìsì EC-1118, páálí giráàmù 5 mẹ́wàá. Yíìsì D47 tí ìwọ ń lò ò lè gba ooru ibí. Bó bá ti kọjá 20°C, ọtí rẹ̀ á máa jóni lọ́fun. EC-1118 ń fara da 30°C. Fi hydrometer kan, ohun tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà inú ọtí, kún un. Dígí ni, torí náà fi ìbọ̀sẹ̀ méjì wé e, kó o sì kì í sáàárín aṣọ.

Èmi ni,
Délé