Bísí, ọ̀rọ̀ típà yìí kò ṣeé fi pamọ́

Nottingham,
Oṣù Kọkànlá, 2024

Bísí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni? Ara màmá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ kan wà tí inú mi kò lè gbà mọ́. Láyí, ọkọ wa, pè mí. Ó ní kí n yá òun lówó kún owó típà, pé òun fẹ́ máa kó èédú láti Okaba ní Kogi lọ fún àwọn oníléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì, ó sì ní n kò gbọdọ̀ sọ fún ọ. Mo ní mo ti gbọ́. Ni mo bá mú bírò.

Ṣé o rántí ilé gogoro mẹ́jọ tí mo fi fọ́tò wọn ránṣẹ́, tí o ní ìkòkò àmàlà àwọn òmìrán ni? Iléeṣẹ́ iná Ratcliffe nìyẹn. Wọ́n ti pa á ní 30 oṣù kẹsàn-án. Òun ló kẹ́yìn nínú àwọn tó ń fi èédú pèsè iná ní Ìlú Ọba, bẹ́ẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù ni irú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1882. Ní 2012, èédú ṣì ń fún wọn ní nǹkan bí 40 nínú iná 100 tí wọ́n ń lò. Kò pẹ́ náà nìyẹn! Èédú kò tán nílẹ̀ o. Nítorí ojú ọjọ́ tó ń yí padà ni ìjọba ṣe ń gbowó lórí èéfín rẹ̀, títí gáàsì àti iná tí wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ ṣe fi wá dínwó jù ú lọ.

Láyí ní ti òyìnbó nìyẹn, pé Ṣáínà àti Íńdíà ṣì ń jó o. Òótọ́ ni, n kò lè jiyàn. Mo ní Buhari náà ṣèlérí níbi ìpàdé ojú ọjọ́ ní Glasgow ní 2021 pé Nàìjíríà yóò bọ́ nínú ọ̀ràn èéfín yìí tó bá fi máa di 2060. Ó ní ìlérí ìjọba wa kì í fọ́ táyà típà. Mo rẹ́rìn-ín, kí n má purọ́. Mo wá bi í pé omíyalé 2022 ńkọ́, tó gba títì Lọ́kọ́ja, tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé tò sójú kan? Ó dákẹ́. Ó ní, “Òtútù yín ńkọ́?”

Adé ti yege ìdánwò ọkọ̀, èjìká mi ti ń sàn, owó ilé ti lé sí i.

Bísí, ó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù máa yá òun ní ìyókù, pé ẹnì kan máa dúró fún òun. Ta ni ẹnì kan náà? Mi ò ní dárúkọ ọ̀rọ̀ ẹja Ẹ̀pẹ́. Jọ̀ọ́, má fọwọ́ sí ìwé onídùúró kankan. Má sì jẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni mo sọ, sọ pé o lálàá. Bó bá jẹ́ pé dandan ni típà, kó máa fi kó iyanrìn. Tètè fèsì o, torí ó ní òun máa pè mí padà tí owó oṣù bá wọlé.

Èmi ni tìrẹ,
Fúnkẹ́